Ọdún Tí A Kọ́ Fóònù ní Obì Ṣíṣà

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Òyìnbó kan ń gbé ní pálọ̀ wa ní Dàda Estate, ní Òṣogbo. Kì í jẹ oúnjẹ wa, kì í sùn lórí ibùsùn wa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ la fi ń jí. Inú láptọ́ọ̀pù Àǹtí Bọ́lá ló ń gbé, òun àti irùngbọ̀n rẹ̀ pupa àti ẹfun ọwọ́ rẹ̀. Yóò kọ nǹkan sára pátákó dúdú, yóò nù ún nù, yóò tún kọ òmíràn. Ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, nítorí náà Àǹtí Bọ́lá a máa dín eré fídíò náà kù, ohùn Òyìnbó á wá máa fà gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ohùn ẹni tí ẹmu ti pa. Bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ Mọ́mì ń hó lórí sítóòfù, tí ẹ̀rọ ìlọta ojúlé kejì ń ké, tí Dípò àbúrò mi ń sunkún pé òun ò rí ìbọ̀sẹ̀ kejì, ohùn ọ̀mùtí yẹn ni yóò máa gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá. Mo rò nígbà náà pé bí gbogbo Òyìnbó tó mọ̀wé gan-an ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára tí olùkọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ketekete, n kì í fọkàn tán an.

Àǹtí Bọ́lá ni àbúrò Dádì, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, yàrá kan náà ni èmi àti òun jọ ń sùn. Ó ní kí a má fi "wọ́n" pe òun bí ẹni pé òun ti gbó, nítorí náà "ó" ni mo ń pè é títí di òní olónìí, Mọ́mì kò sì fara mọ́ ọn rí. Ohun tó ń kọ́ lọ́wọ́ Òyìnbó onírùngbọ̀n náà ni bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè dá nǹkan mọ̀. Néúrà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Dípò ní orúkọ yẹn ti gùn jù fún nǹkan tí a kò lè rí, ó sọ ọ́ ní Ọpọlọ, orúkọ tó sì mọ́ ọn lórí nílé wa nìyẹn.

Obì ló fa gbogbo rẹ̀. Ìyá Dádì ń gbé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nínú ilé tí bàbá wa àgbà kọ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Màmá Ìmẹ̀sí là ń pè wọ́n. Wọ́n ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń bó o, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣà á, wọ́n sì ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé gbòdògì sí, kí Alhaji Sánúsí tó wá láti Òṣogbo wá gbé e. Ṣíṣà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín obì tó dára àti èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lè máà ju ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré tó ní kòkòrò tó láti ba gbogbo apẹ̀rẹ̀ jẹ́ kó tó dé òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Alhaji fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ Màmá lọ láì tú u wò. Àfi lọ́dún yẹn tó dá ọ̀kan padà. Nígbà tó yá, ó tún dá ìkejì padà. Kò tilẹ̀ bínú, ṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Kòkòrò ló wà ńbẹ̀." Màmá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló dun àwọn jù.

Dádì kì í pariwo. Sẹkiteríàtì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì máa ń jáde bí ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Wọ́n ní, "Bí apẹ̀rẹ̀ kẹta bá fi lè padà, Màámi ń bọ̀ wá bá wa gbé ní Òṣogbo. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sinmi, wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n." Àwa ọmọdé pàtẹ́wọ́. Màmá ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Délé, ìjókòó ọ̀hún ni yóò pa mí. Bí o bá fẹ́ sìnkú mi, wí fún mi kí n lọ wẹ̀. N ò ní kúrò ní ulé mi." Báyìí ni Màmá ṣe ń pè é, ulé, bí ẹnu Ìjẹ̀ṣà ṣe rí. Ní ti iṣẹ́ wọn, wọn kì í pè é ní òwò. Wọ́n á ní, "uṣẹ́ mi," wọ́n á sì gbé àgbọ̀n wọn sókè díẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá ló gba fóònù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fún mi di Àjíǹde. Alhaji ò ní tún wá gbé obì títí di ìgbà yẹn. Fóònù lè kọ́ láti ṣa obì. Màámi á gbé obì síwájú rẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára." Dádì bi í léèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀. Dádì wo láptọ́ọ̀pù náà lórí tábìlì, wọ́n wo Òyìnbó tó la ẹnu sílẹ̀ níbi tí fídíò ti há, wọ́n ní ó dára, di Àjíǹde.

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn, n kò ní purọ́. Láàárín ìlà kan sí èkejì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á lọ, òbírí kékeré kan á sì máa yí lójú Òyìnbó. Dípò gbà pé ìgbà tí òbírí bá ń yí ni Òyìnbó ń ronú. Àǹtí Bọ́lá a wo fídíò kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, a ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, a jẹ ẹ̀pà tán láì mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ kan wà tó pa láptọ́ọ̀pù dé pàá, tó ní òun kò ṣe mọ́, pé ìṣirò tí òun ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ẹlòmíràn tún wá fi ń na òun. Mọ́mì gbé àwo iyán kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọmọ Iléṣà ni Mọ́mì, kò sí ìṣòro kan láyé yìí tí wọn kò ní gbé iyán lé lórí ná.

Ọjọ́ tí Ọpọlọ yé gbogbo wa, Dádì ló jẹ́ kó yé wa. Ọjọ́ Sátidé ni. Àǹtí Bọ́lá tò wá sí pálọ̀: èmi àti Dípò níwájú, Mọ́mì àti ọ̀rẹ́ wọn Ìyá Ṣadé tó wá gba àlùbọ́sà láàárín, Dádì lẹ́yìn pátápátá. Ó ní, "Fọ́tò obì ń bọ̀. Mofẹ́, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí o wò. Dípò, ihò nìkan ni tìẹ. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún Mọ́mì àti Ìyá Ṣadé. Àwọn á gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ ju tẹnìkejì lọ, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá mi. Bọ̀ọ̀dá mi á wá dájọ́." Dádì fi gíláàsì wọn sójú. Wọ́n ní, "Fáìlì nìyẹn. Fáìlì tó ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, tí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ń kọ ìmọ̀ràn tirẹ̀ sí i." Àǹtí Bọ́lá fò sókè. Ó ní, "Fáìlì ni! Fáìlì gan-an ni, Bọ̀ọ̀dá mi." Dádì tún béèrè pé, "Bí ìdájọ́ òkè bá wá burú ńkọ́? Ta ni wọn á mú?" Àǹtí Bọ́lá ní wọn kì í mú ẹnì kan. Láti òkè ni ẹ̀bi á ti máa bọ̀ wálẹ̀, á ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó kéré jù, oníkálukú á gba ìwọ̀n ẹ̀bi tó tọ́ sí i, á sì yí èrò rẹ̀ padà díẹ̀, kí fáìlì mìíràn tó dé. Dádì na ọwọ́ sókè bí ẹni tó rí Jésù. Wọ́n ní, "Kúẹ́rì! Ẹ̀ ń fún gbogbo ọ́fíìsì ní kúẹ́rì láti òkè dé ìsàlẹ̀! Ah, ó yé mi. Ó yé mi yékéyéké." Láti ọjọ́ náà, bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, Dádì á ní àwọn ń kọ kúẹ́rì, pé kí ìpín Mọ́mì jẹ́ ti iyọ̀, kí tèmi jẹ́ ti ata tí mo lọ̀, kí ti Dípò sì jẹ́ ti ariwo. Ó dùn mọ́ mi jọjọ pé ẹ̀rọ kan wà láyé tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe àṣìṣe, wọn kì í na ẹnì kan ṣoṣo.

Ọpọlọ nílò fọ́tò obì, fọ́tò rẹpẹtẹ. Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n rán èmi lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú fóònù Àǹtí Bọ́lá tí wọ́n fi okùn so mọ́ mi lọ́rùn. Bí ọ̀nà bá ti kọjá Ìbòkun, ara mi ti máa ń mọ̀ pé a ti ń dé. Òkè á ga lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ á tutù. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní àgbàlá Màmá ni odó. Wọ́n ń gún iyán ní ojúlé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí odó tí ohùn rẹ̀ jọ ti ìkejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ewúrẹ́, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìró obì tí ń bọ́ sínú agbada omi, pọ́tọ́, pọ́tọ́, bí òjò tó ń ronú bóyá kí òun rọ̀.

Abẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń ṣa obì. Màmá a jókòó sórí àpótí, ewé gbòdògì tútù á wà ní apá ọ̀tún wọn, àpò kòkó àtijọ́ kan á wà ní apá òsì. Èyí tó bá dára, orí ewé. Èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀, orí àpò. Àṣà wọn ni, wọn kì í yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní obì rere kì í sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ewé ni ẹní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ obì burúkú kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ewé tútù ṣòfò fún. Wọn kì í ṣàlàyé fún ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́. Ìwọ á mú obì, wàá ní, "Ó dára, Màmá." Wọ́n á ní, "Rárá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá tún mú òmíràn, wọ́n á ní, "Rárá." Títí ọjọ́ kan, láìmọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, rárá á dín kù. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò lè sọ ohun tí mo máa wò fún mi. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, etí rẹ ló máa mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú rẹ."

Ní Kérésìmesì yẹn, wọ́n túbọ̀ fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Kí wọ́n tó gbé obì sí ọ̀tún tàbí òsì, wọ́n á kọ́kọ́ nà án sí mi. "Wò ó kí n gbọ́." Èmi á wò ó, èmi á sọ ọ́. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gbé e síbi tí mo wí. Inú mi dùn débi pé mo ń rìn bí òdèré. Mo rò pé mo ti gba ìwé-ẹ̀rí. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, bí mo bá rántí bí wọ́n ṣe ń yí ojú wọn sí ibi ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pé ife ló sún, àánú wọn máa ń ṣe mí, ìtìjú ara mi náà sì máa ń ṣe mí. Ojú mi dá ṣáṣá, n kò sì rí i. Mo ya fọ́tò. Mo ya àwọn tó wà lórí ewé, mo kọ "dára" sí wọn. Mo ya àwọn tó wà lórí àpò, mo kọ "kò dára" sí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ya wọ́n, títí ìka mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ní Òṣogbo, Àǹtí Bọ́lá fi fọ́tò mi bọ́ Ọpọlọ. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló fi ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kígbe láti pálọ̀, gbogbo wa sáré wọlé, a rò pé ejò ni. Ó ní òun fi fọ́tò tí Ọpọlọ kò rí rí dán an wò, kò sì ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan ṣoṣo! Mọ́mì fi ìdí orógùn lu ìkòkò. Dádì bọ Òyìnbó tó wà nínú láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ kan ojú gíláàsì náà tìyìntìyìn. A din dòdò, a jẹ ẹ́ títí. Mo rántí pé Àǹtí Bọ́lá jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Àjíǹde ni gbogbo wa wọ ọkọ̀ Dádì lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Màmá ti tọ́jú nǹkan dè wá, iyán àti ẹ̀fọ́ tí ẹran ìgbẹ́ gbé orí lé. Lẹ́yìn oúnjẹ, a jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí Bọ́lá na fóònù sí obì kan lórí ewé. Fóònù ní ó dára. Ó nà án sí òmíràn lórí àpò. Fóònù ní kò dára. Màmá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Dádì ti jókòó ti fáìlì pẹ́ jù láyé wọn láti fọwọ́ sí nǹkan láì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mú obì kan lórí àpò, èyí tí ihò rẹ̀ tóbi débi tí kòkòrò fúnra rẹ̀ ti yọjú síta, wọ́n gbé e sórí ewé. Fóònù ní ó dára. Wọ́n mú gbànja pupa dídán kan tó tó ẹyin àdàbà, wọ́n gbé e sórí àpò. Fóònù ní kò dára. Dádì mú obì kúrò pátápátá, ó ku ewé lásán nílẹ̀. Fóònù ní ó dára gidigidi.

Dípò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì tẹ̀ lé e. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín títí mo fi rí ojú Àǹtí Bọ́lá. Omi ti kún un. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, gbogbo ẹ̀pà yẹn. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. N ò mọ ibi tí mo ti ṣì í." Màmá ní, "Bọ́lá, nu ojú rẹ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ewé ni ẹ̀rọ rẹ ń wò, kò wo obì rárá. Ohun tí ọmọ tó gbọ́n jù máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Délé tó ń dájọ́ yìí, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi ló máa ń wò. Bí mo bá ti ń mú ọwọ́ lọ sí ọ̀tún, á ti pariwo pé ó dára. Mo rò pé mo bí wòlíì ni." Dádì di ẹni tó ń wo bàtà ara wọn. Àǹtí Bọ́lá béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe wá mú un kúrò lára wọn?" Màmá ní, "Mo kó ewé kúrò. Mo kó àpò kúrò. Mo da gbogbo obì pọ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní kó wá sọ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A gbá ilẹ̀, a kó ewé kúrò, a kó àpò kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ojú mi, obì rere Màmá sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, òun àti obì burúkú jọ wà lójú kan náà. Àǹtí Bọ́lá gbé fóònù sókè. Ó ní, "Ó yá, Màámi. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sọ ọ́, mo máa máa ya á." Màmá mú ọ̀kan. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n yí sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú sí i. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Odó ń dún ní ojúlé kejì, a sì ń dúró. Mo rí i pé ihò náà wà ní apá ibi tí ìka wọn wà gan-an, gbogbo wa ló ń rí i, àwọn nìkan ni wọn kò rí i. Ìgbà yẹn ni ìdí tí wọ́n fi ń na obì sí mi ní Kérésìmesì yé mi. Mo fẹ́ wúkọ́, mo fẹ́ ṣe nǹkan kan kí Dádì má bàa mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá nawọ́ obì náà sí mi níwájú gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, sọ ọ́ fún wọn. Ojú mi ò ríran mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan."

Dádì jókòó sílẹ̀ láì wo ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Màmá ní, "Bí mo bá sọ, o ó mú mi lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Kí ni mo fẹ́ fi wò ó?" A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bọ́lá ti ń sunkún ní tirẹ̀, Mọ́mì di ọwọ́ Màmá mú. Dádì ní obì parí, pé lọ́jọ́ kejì Màmá ń bá wa lọ sí Òṣogbo, kí dókítà wo ojú wọn, bí ó bá sì yá, wọ́n á padà wá kó ẹrù, wọ́n á ti ilé. Màmá kò jà. Àìjà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Wọ́n kàn ní kí a jẹ́ kí ọmọ parí iṣẹ́ rẹ̀ ná. Ni mo bá jókòó sórí àpótí Màmá, ẹsẹ̀ mi kò tólẹ̀, mo ń mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ní ó dára, kò dára, Àǹtí Bọ́lá ń ya á, títí oòrùn fi wọ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fetí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Lọ́jọ́ yẹn, wọn kò sọ rárá lẹ́ẹ̀kan.

Awọ funfun kan ló bo ẹyinjú wọn. Dókítà ní nǹkan tí àwọn ń ṣe lójoojúmọ́ ni, ó sì ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú kìíní, Màmá wo Dádì títí. Wọ́n ní, "Délé, o mà ti ń hewú." Ní pálọ̀ wa, wọ́n jókòó ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú bàǹdéèjì, wọ́n ń gbọ́ Òyìnbó onírùngbọ̀n. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kí wọ́n fún un ní omi tútù. Àǹtí Bọ́lá ń kọ́ Ọpọlọ lọ́tun pẹ̀lú fọ́tò orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń ṣi díẹ̀, ó ń mọ púpọ̀. Inú Àǹtí Bọ́lá dùn sí ṣíṣì náà ju àìṣì tàkọ́kọ́ lọ. Ó ní èyí tó ń ṣi díẹ̀ yìí, obì ló ń wò.

Ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde la padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kí Màmá lè kó ẹrù wọn. Dádì ò fẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ti gbé àpótí aṣọ Màmá sí bọ́ọ̀tù, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Alhaji ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí a ṣe dé, èmi àti fóònù ti ṣa apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pọ̀: èmi kọ́kọ́ wò ó, fóònù wò ó tẹ̀ lé mi, ohùn wa sì ṣọ̀kan lórí gbogbo èyí tí a kó síbẹ̀. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe pé kí ẹ tún un ṣe o. Ẹ kàn wò ó kí ẹ rí i." Wọ́n tú ewé apẹ̀rẹ̀ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú obì, wọn kò gbé e sún mọ́ ojú, wọn kò wá oòrùn kiri, ọwọ́ wọn ń lọ fìrì fìrì. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọ́n yọ òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Mo gbé wọn wò, n kò rí nǹkan kan. Màmá fi èékánná la ọ̀kan sí méjì. Kòkòrò kan ń nà tàntàn nínú rẹ̀, ó sanra, ara rẹ̀ balẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá sáré gbé fóònù wá. Ó nà án sí mẹ́ta tó kù. Ó dára. Ó dára. Ó dára. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ìhà mú. Wọ́n ní, "Bọ́lá, ẹ̀rọ rẹ kò purọ́. Ohun tí Àbẹ̀ní mọ̀ ló mọ̀, ohun tí Àbẹ̀ní kò mọ̀, ibo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?" Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ fi ṣáájú. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ṣí. Dádì ti kọjá níwájú wa, àpótí aṣọ Màmá wà lórí wọn, wọ́n ń gbé e padà sí yàrá.

Màmá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kékeré sí mi, wọ́n sì nawọ́ gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí Bọ́lá, wọ́n gbé e ti apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ sí obì.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ wo èyí, kí ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo wò ó. Mo ní, "Ó dára, Màmá."

"Rárá."